Ibo ni a ti ń fi ẹjọ́ ilé ìjọba tí kò ní ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara sùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àga onítáyà ni àbúrò mi obìnrin fi ń rìn. Ó lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, àtẹ̀gùn nìkan ló bá níbẹ̀. Ọkùnrin méjì ló gbé e gòkè bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Ẹkún ló sun délé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe. Ó ti pé láti 2024!

Ta ló ti kọ̀wé sí àjọ àwọn aláàbọ̀ ara l'Ábùjá rí? Ṣé dandan ni lọ́yà? Fọ́tò àtẹ̀gùn náà wà lọ́wọ́ mi.