Báwo ni Gowland ṣe walẹ̀ lábẹ́ òkúta Stonehenge lọ́dún 1901?

Akẹ́kọ̀ọ́ Samaru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń múra sẹ́mínà lórí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Wọ́n ń yin William Gowland pé òun ló kọ́kọ́ walẹ̀ bó ṣe yẹ ní Stonehenge, agbo òkúta ńlá àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣebí àwọn kan ti gbẹ́ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ló wá ṣe tí wọn ò ṣe? Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo lèèyàn ṣe ń gbẹ́ ìdí òkúta tó ti fì, tí kò ní ya lu òṣìṣẹ́?

Bàbá Kúbwà:
Àbúrò, ìbéèrè kejì ni tèmi. Òkúta tí wọ́n ń pè ní 56 ni ọ̀rọ̀ kàn. Òun àti 55 ni wọ́n jọ gbé òkúta kan dábùú nígbà kan. 55 ti ṣubú, ó sì ti kán. Ohun tó fà á ò le: 56 wọlẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, 55 ò ju nǹkan bí 4 lọ. 56 náà wá dagun, ó fara ti òkúta kékeré iwájú rẹ̀. Nígbà tí òkúta mìíràn tún wó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1900, ẹ̀rù ba ẹni tó ni ilẹ̀. Títún 56 nà ró ni iṣẹ́ gan-an. Ìwalẹ̀ kàn bá a rìn ni.

Wọ́n fi igi ńlá dì í yíká, wọ́n tún fi òpó tì í. Wọn ò gbẹ́ ìdí rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan náà o! Apá kan ni wọ́n á gbẹ́, wọ́n á da kọnkéré sí i, kí wọ́n tó bọ́ sí apá mìíràn. Jáàkì àti wíǹṣì ló gbé e dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tú gbogbo ìdí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ̀, orí á sì tẹ̀ lé e.

Àǹtí Gwarinpa:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Àkọsílẹ̀ ló sọ Gowland di ẹni ńlá. Onímọ̀ irin àti kùsà ni, ó pẹ́ ní Japan níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní Osaka, ó sì ń yẹ àwọn ibojì àtijọ́ wò níbẹ̀. Ní Stonehenge, ó gbé férémù onígi sórí ibi tó fẹ́ gbẹ́, ó mú un tẹ́jú, ó kọ lẹ́tà sára igi rẹ̀. Láti ara férémù yẹn ló ti ń wọn jíjìn gbogbo ohun tí wọ́n bá rí. Ojú ilẹ̀ kì í tẹ́ dọ́gba, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń wọ̀n láti ibẹ̀ á da ìpele ilẹ̀ rú mọ́ ara wọn. Férémù kì í sún.

Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde, asẹ́ mẹ́rin ló ń gba kọjá: ihò ínǹṣì 1, 1/2, 1/4 àti 1/8. Ohun èlò òkúta tó lé ní 100 ló jáde, láti orí àáké kékeré dé òòlù òkúta tó wúwo gan-an. Èérún òkúta tó wà pẹ̀lú wọn fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta náà kó tó dìde. Irin ò sí, àfi àbàwọ́n bàbà lára òkúta kan nísàlẹ̀. Ó fojú bù ú sí nǹkan bí 1800 ṣáájú ìbí Jésù. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù, tó ń fi ọjọ́ orí nǹkan hàn, lára ìwo àgbọ̀nrín wá tì í sẹ́yìn dé nǹkan bí 2500. Kò burú rárá fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan.

Ọmọ Ìlọrin ní Jos:
Ti àwọn tó ṣáájú: Duke ti Buckingham ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sáàárín rẹ̀ lọ́dún 1620, kò sí ìwọ̀n kankan. William Cunnington gbẹ́ ìdí àwọn òkúta tó ṣubú ní nǹkan bí 1800 sókè, ó fi ìgò wáìnì sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan. Ikọ̀ William Hawley ló wá rí i.

Hawley gan-an ló yẹ kó o kọ sí sẹ́mínà. Ó gbẹ́ nǹkan bí ìdajì ibẹ̀ láàárín 1919 sí 1926. Eegun òkú tí wọ́n sun láyé àtijọ́, tó ti inú ọ̀pọ̀ ihò ilẹ̀ ibẹ̀ jáde, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ihò kan ṣoṣo lọ́dún 1935. Nígbà tí wọ́n hú u lọ́dún 2008, ta ló máa mọ èyí tó ti inú ihò wo wá? Ṣùgbọ́n má fi gbogbo ẹ̀bi lé e lórí; owó ò tó, ó sì sábà máa ń dá ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Samaru:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tá a bá lo asẹ́ mẹ́rin yẹn lọ́dọ̀ wa níbí ń kọ́?

Àǹtí Gwarinpa:
Kò ní rí bákan náà. Ilẹ̀ ẹfun ni tiwọn, eegun àti ìwo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ń jẹ eegun; ní àwọn ibi tí àwọn ará Nok àtijọ́ gbé, amọ̀ sísun àti òkúta ló sábà máa ń kù. Lásìkò òjò, amọ̀ pupa á dí asẹ́ 1/8 pa. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ rin ín, àpáàdì á sì fọ́. Sá a sórí tapólì kó gbẹ, tàbí kó o fi omi ṣàn án lórí asẹ́. Fi 1/4 jọ gbogbo rẹ̀, kó o wá mú garawa kan láti ìpele kọ̀ọ̀kan fún 1/8. Èédú, yọ ọ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tó dé orí asẹ́ rárá: fi irin mímọ́ mú un, má fọwọ́ kàn án, fi fóìlì wé e, kó o kọ ìpele àti jíjìn rẹ̀ sára lójú ẹsẹ̀.