Wọ́n ní kí n ka àwọn òkú wa: ìrírí wa nípa IRM ọmú

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹni tó béèrè bóyá IRM ọmú, ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ọmú, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní MRI, máa ń dun ènìyàn: ẹ̀rọ ò dùn mí. Ìbéèrè tí dókítà bi mí kí n tó débẹ̀ ló dùn mí.

Ọmọ ọdún 36 ni mí. Jẹjẹrẹ ọmú mú àbúrò mi obìnrin léṣìí, ni mo bá gba Kútọnu lọ. Dókítà mú bírò: "Màdáámù, ta ló tún ti ṣe é nínú ẹbí yín? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?" Ó ní bí ewu pé jẹjẹrẹ ọmú lè mú obìnrin láyé rẹ̀ bá tó 20 nínú 100, IRM pẹ̀lú mamogirafí, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú, lọ́dọọdún ló yẹ ẹ́. Ẹnu mi wọhò. "Ayé ló ṣe wọ́n" ni wọ́n sọ fún wa nípa ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Mo padà sílé, mo lọ bá màmá kékeré. Wọ́n wò mí títí. "Ọmú ni, ọmọ mi. Òórùn egbò ẹ̀ ni ò jẹ́ ká lè sọ ọ́ síta." Ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wọn bí àkọ́bí lọ́dún tí Kérékou gbàjọba ní Benin, 1972, ọmọge ni wọ́n nígbà náà; wọ́n kú kí ọmọ yẹn tó pé ogún ọdún. Bí a ṣe ṣírò ẹ̀ nìyẹn: wọn ò tíì pé 40.

Wọ́n ní kí n wá láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá tí mo bá ti rí nǹkan oṣù, torí láwọn ọjọ́ yòókù ọmú lè tan ẹ̀rọ jẹ. Wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò nítorí oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn, tí wọ́n máa fún mi lábẹ́rẹ́ lápá. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ náà, kì í fẹ́ irin: yẹtí, kọ́mú, títí kan ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi tó ní ìkọ́ irin, gbogbo ẹ̀ ni mo bọ́. Mo da ojú bolẹ̀, ọmú mi sọ̀ sínú ihò méjì. Ariwo ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu páànù lórí ẹni! Mo ń ka orúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kàn mi, bí ìdajì wákàtí. Wọn ò rí nǹkan kan. Ó di ẹ̀ẹ̀mọ́dún.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Èmi tí mo ti ìlú tí òkè ẹ̀ jọ ọmú wá, ọmú ló fẹ́ pa mí. Ẹ̀rọ yẹn rí nǹkan funfun kan lára mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ yẹ̀ wò: kókó lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ pé ó máa ń rí ohun tí kì í ṣe àìsàn. Ṣé kò yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú ni?

Àǹtí Àjàṣẹ́

Tèmi yàtọ̀. Ọmọ ọdún 52, mo kó owó lọ, dókítà ní IRM kọ́ ló kàn mí: kò sẹ́ni tó ṣe é nílé wa, wọn ò sì tan iná tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ sí mi láyà nígbà èwe. Mamogirafí ni. Mo bínú, mo rò pé ó fojú kéré owó mi. Ó ní àwọn nǹkan wínníwínní bí ẹfun kan lè wà nínú ọmú tí mamogirafí ń rí tí IRM kì í rí dáadáa. Mo ṣe é. Ìyẹn gan-an ló dun ènìyàn, wọ́n tẹ̀ mí pẹrẹsẹ!

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ ṣeun. Màmá kékeré ní àwọn náà fẹ́ lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n máa bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo ní tó bá jẹ́ IRM, wọ́n á bọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn á rò ó.