Báwo ni mo ṣe lè mú kí aago idẹ mi tètè gbó nílé?

Ọmọ Under G:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra aago ọwọ́ kan tó jẹ́ bronze, wọ́n kọ CuSn8 sí i lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn nìkan ni irin funfun, gbogbo ara tó kù ń dán yanran bí òrùka ìyàwó tuntun. Èmi ò fẹ́ dídán yìí. Mo fẹ́ kó dúdú díẹ̀, kó ní patina, kó dà bí ohun tí èèyàn ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ará yàrá kejì ní kí n rẹ ẹ́ sínú fínígà àti iyọ̀ mọ́jú. Ẹlòmíì ní ẹyin sísè ni. Ẹyin sì ti wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, mi ò fẹ́ fi ṣòfò. Èwo ni kí n ṣe? Awọ ni bẹ́lítì rẹ̀, iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́.

Baba Aláago Sábó:
Àbúrò, fi ti iyọ̀ sílẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ CuSn8 lóòótọ́, nǹkan bíi 92 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ bàbà, tánńganran ni 8 tó kù. Irú rẹ̀ máa ń tètè gbó. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù lú lọ máa ń ṣagídí. O lè se odindi kéréètì ẹyin fún un kó má dá ọ lóhùn.

Kọ́kọ́ tú bẹ́lítì kúrò. Ti bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí aago wọlé, kó dé pa. Tó bá jẹ́ onísúkúrúù, dè é. Fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ ara aago, nù ún gbẹ, má sì fi ìka kàn án mọ́. Ibi tí ọ̀rá ọwọ́ bá ti kàn, àwọ̀ kì í mú un dọ́gba.

Ẹyin méjì tó. Sè é kó le gan-an. Bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni imí-ọjọ́ inú rẹ̀, tó ń mú idẹ dúdú, ń jáde tó. Òun náà ló ń fa àwọ̀ ewé tó máa ń yí pupa ẹyin ká. Bó èèpo rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ike onídérí, da ìdérí ìgò dojú bolẹ̀ sáàárín, kí o gbé aago lé e. Ẹyin ò gbọdọ̀ kàn án, àfi tó o bá fẹ́ tóótòòtó. Dé e, máa yọjú wò ó. Yóò kọ́kọ́ pọ́n, yóò wá máa dúdú lọ. Níbi tó bá ti wù ọ́ ni kí o ti yọ ọ́. Ju ẹyin yẹn nù.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í bi mí: tí rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn bá ti gbó, èéfín ẹyin á wọlé, á sì ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo rà, jẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe wò ó kó o tó dán an wò.

Ti iyọ̀ tí mo ní kó o fi sílẹ̀: ó ń mú àwọ̀ ewé jáde kíákíá, mi ò jiyàn. Àmọ́ kílóráìdì inú rẹ̀ máa ń kù sínú idẹ, á sì máa jẹ ẹ́ nìṣó nígbàkígbà tí ọ̀rinrin bá wà. Ohun tó o máa rí ni lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó ń ṣí bọ́ sí ẹnu apá aṣọ funfun rẹ.

Ẹ̀gbọ́n Òwòdé:
Òdodo ni ti alumíníọ̀mù yẹn. Òun ni wọ́n fi lú aago Black Bay Bronze tí ilé iṣẹ́ Tudor gbé jáde ní 2016. Aago Bronzo tí ilé iṣẹ́ Panerai gbé jáde ní 2011 ní tirẹ̀, CuSn8 ni bíi ti àbúrò wa.

Ọmọ Under G:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Amóníà ńkọ́? Mo rí i nínú fídíò kan, ó yọ búlúù tó wù mí.

Baba Aláago Sábó:
Búlúù ń jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yàrá akẹ́kọ̀ọ́ onífèrèsé kan kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí Hypo tàbí búlíìṣì mìíràn bá sì lọ pàdé amóníà, èéfín olóró ló ń dà. Má ṣe é.

Tèmi ni pé kó o kàn máa wọ̀ ọ́. Òógùn rẹ á ṣe é, pàápàá lásìkò òjò. Ọyẹ́ ló máa ń fà á sẹ́yìn.

Ìyá Akẹ̀sán:
Ẹ gbà mí o! Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń bá idẹ ìyá wa jà kó lè dán. Ẹ̀yin wá ń náwó ẹyin kó lè dúdú!

Ó dáa. Tó bá dúdú kọjá bó o ṣe fẹ́, fún oje ọsàn wẹ́wẹ́ sórí aṣọ rírọ̀, fi nù ún, kí o tètè fi omi ṣan án. Má lo eérú o, á ha á. Kó o tó dá bẹ́lítì padà, jẹ́ kí aago gbẹ dáadáa, torí àwọ̀ ewé ara idẹ máa ń ràn mọ́ awọ, kì í sì í fọ̀.

Ọmọ Under G:
Ẹ ṣé, mà. Mo ti ra ẹyin méjì. Alábàágbé mi ní òun ń lọ sùn ní Adénìkẹ́.

Baba Aláago Sábó:
Ìta ni kó o gbé ike náà sí. Kó o sì fi òkúta lé ìdérí, nítorí ológbò.