Ooru inú ìkòkò sìpàgẹ́tì burú ju omi rẹ̀ lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Odógúnyán, níbí ní Ìkòròdú, là ń gbé, a sì jọ ń lo ilé ìdáná kan ni pẹ̀lú àwọn alájọgbé wa. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló se sìpàgẹ́tì lọ́jọ́ náà, ìkòkò ńlá, torí àlejò wà nílé. Ó fi àkísà di etí ìkòkò mú, ó sún ọmọrí díẹ̀, ó ń da omi rẹ̀ nù. Omi ò kàn án rárá. Ooru tó rú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí ló bó o lọ́wọ́, ló bá jọ̀wọ́ ìkòkò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ rẹ̀ tó máa ń rọ̀ mọ́ ọn nídìí ti sùn.

Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn ní ẹyin ni, òmíràn ní ọṣẹ ìfọyín. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ kó tó wú, mo gbé ọwọ́ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Ẹ jọ̀ọ́, omi tútù lásán o, kì í ṣe yìnyín. Ara á ṣì máa jó wọnú lẹ́yìn tí ooru ìkòkò náà ti kúrò. Epo ò lè tù ú, ńṣe ló ń sé ooru mọ́ ọn lára. Ibi tó lé ròrò pọ̀, la bá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní báyìí, a kì í gbé odindi ìkòkò mọ́. A ó pa iná, a ó bu omi tútù sí i kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, a ó wá fi ṣíbí oníhò kó o sínú asẹ́. Kò ní rọ̀ jù, torí omi tútù yẹn ò ní jẹ́ kó máa jinná lọ.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bútẹ́: Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ẹ bá mi kìlọ̀ fáwọn tó ń da omi híhó sí síǹkì. Páìpù oníke tiwa rọ̀, ó tú lójú oríkèé. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi tútù sí i.

Bàbá Káfáyá, Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹni tó bá sì fẹ́ dà á síta, kó ké "àgò o!" kó tó yọjú. Ọmọdé pọ̀ lágbàlá.