Iyùn ọrùn ìyàwó àti ẹja òjìjí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní ká sọ ohun tí ojú wa rí. Tèmi ti ara iyùn bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí mi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ìyàwó ní Ìtọ̀kú, níbí ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ kan mò ń bá wọn ṣa iyùn nínú àwo, mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹran omi ló kọ́ èyí?" Wọ́n ní òkúta ni, jàre. Mo gbé ẹyọ kan tó ti là sí wọn lójú: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ bíi ti igi tí wọ́n gé. Iyùn kì í sanra tó mìlímítà 1 lọ́dún. Wọ́n rọra gbé e padà sínú àwo.

Àwọn ìbátan iyùn yìí ló ń kọ́ òkìtì ńláńlá sínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkìtì wọ̀nyí kò gba ìdá 1 nínú 100 ilẹ̀ òkun, àmọ́ tí a bá pín irú ẹja òkun sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan ń rí ibẹ̀ gbé. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti odídẹrẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ha ewé omi tó ń yọ̀ kúrò lára òkìtì. Àwọn apẹja kó o tán láwọn ibòmíràn, ewé bo òkìtì, ọmọ iyùn kò ríbi dì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni irú ẹja tí àwọ̀n kò tilẹ̀ kàn ṣe bá a lọ. Ooru tún wà níbẹ̀: lọ́dún 2016, omi gbóná ní Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá ní Ọsirélíà, iyùn funfun báláú, ọ̀pọ̀ sì kú.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi padà sódò Ògùn. Ìyá bàbá mi ta ẹja ní Láfẹ́nwá. Àrọ̀, epìyà, ọ̀bọ̀kún, gbogbo rẹ̀ ń bẹ nínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Mo kìwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, òjìjí gbọ̀n mí dé èjìká, mo ju agbọ̀n sílẹ̀, ẹja fọ́n káàkiri. Ìyá kò nà mí. Wọ́n kàn ń fi epo pa mí lápá. Lónìí, àrọ̀ tí wọ́n sìn ládágún ni mò ń bá lórí àtẹ. Àwọn tó ń wa yanrìn ti da omi rú, ibi tí ẹja ń yé sí ti lọ.

*Bàbá Apẹja:* Ọmọ mi, yanrìn nìkan kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dí odò Ọyán tó ń ṣàn wọ Ògùn, lọ́dún 1983, ni omi kò ti kún bó ṣe ń kún mọ́, ìkún yẹn sì ni ẹja fi ń mọ ìgbà tí yóò yé. Gámálìn, oògùn apakòkòrò, tún dé. Mo da á sómi rí, lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja léfòó, títí dórí èyí tí kò tó ìka. Mo kó o, inú mi ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì mo padà débẹ̀, kòkòrò omi pàápàá kò sí.

Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ sọ ọ́. Májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì làwọn kan ń lò lórí òkìtì iyùn ní Filipíìnì, kí wọ́n lè mú ẹja aláràbarà láàyè fún títà. Iyùn tó bá kàn ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, òjìjí ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń rí i?

*Bàbá Apẹja:* Ọ̀kan bọ́ sáwọ̀n mi lọ́dún tó kọjá. Mo dá a padà sómi.