Ọmọ ọdún 4 ní irọ́ ni pé omi ń di áìsì

Màmá Kútọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ní omi kì í le, nítorí náà áìsì kì í ṣe omi. Kí ni mo lè fi hàn án nílé tó máa yé e?

Tíṣà Láfẹ́ńwá: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí omi tí òun fúnra rẹ̀ bù. Kó bu omi dé ìdajì ike kékeré kan, kí ẹ fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé, kí ẹ dé e, kí ẹ wá gbé e sí fírísà. Omi ń dì ní 0°C. Fírísà tó dáa máa ń tutù tó -18°C, nítorí náà wákàtí 3 sí 4 ti tó, bí iná kò bá lọ. Tó bá ti dì, áìsì á ti ga kọjá ìlà, torí omi máa ń fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100 bó bá ń dì. Ohun tó ń fọ́ ìgò nínú fírísà nìyẹn, ẹ má lo ìgò o. Ẹ jẹ́ kó yọ́: omi á padà sórí ìlà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlà yẹn ló máa dá a lójú. Ara ike á làágùn, ọmọ á ní ó ń jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá.

Alárò Ìtòkú: Kó má rò pé omi nìkan ló ń dì o. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là, wọ́n á yọ́ àbẹ́là lórí iná, wọ́n á ki fóòmù bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Kíá ló ti dì, láìsí fírísà! Ó fẹ́ ooru bíi 50 sí 60°C kó tó yọ́, oòrùn Abẹ́òkúta kò tó o. Lẹ́yìn aró, wọ́n á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, àbẹ́là á yọ́ léfòó. Bí omi bá tutù, á tún dì lójú omi, wọ́n á kó o lò padà. Ọmọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò yẹn. Òrí bíi hóró ẹ̀pà kan ni kí ẹ fi sí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, kó pa á dé. Ooru ara rẹ̀ á yọ́ ọ.

Ìyá Àgbà Aké: Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ “yọ́” yẹn. A máa ń ní ṣúgà yọ́ nínú tíì, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló túká sínú omi. Ooru nìkan ni áìsì ń fẹ́. Ẹ má sì fi ẹ̀kọ ṣàpẹẹrẹ: ó dì nínú ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ gbé e kaná láìbomi sí i, á jóná ni, kò lè padà di ògì.

Màmá Kútọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó lè fọwọ́ kan áìsì náà bó bá ṣe ń jáde?

Tíṣà Láfẹ́ńwá: Ẹ fi í síta fún ìṣẹ́jú 3 ná, mà. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka àti ahọ́n.