Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ orúkọ mi mọ́, dókítà ní àrùn prion ni

Ọmọ Ìsánlú: Okun o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sí oko. Lónìí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá sì dún gbà, gbogbo ara rẹ̀ á ta gìrì. Ìyàwó wa kò ránṣẹ́ sí mi títí àìsàn náà fi wọra. Ó ti ta ewúrẹ́ méjì tí mo fi sọ́dọ̀ wọn fún sínsìn, n kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹran orí màlúù ni ó ń sè tà, ọpọlọ rẹ̀ ni ó sì máa ń bù fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí dókítà wá sọ pé àrùn prion tí wọ́n ń pè ní Creutzfeldt-Jakob ni, mo mọ ibi tí ó ti wá. Mo ti jó ibùsùn rẹ̀, mo ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, n kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn. Kí ni kí n tún ṣe kí ó má bàa ràn wá?

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Ẹ kú ìrọ́jú. Prion kì í ṣe kòkòrò. Purotéènì tí ó wà nínú ọpọlọ gbogbo wa ni ó ń ká wọ́, tí yóò sì mú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká wọ́ bákan náà, títí ọpọlọ yóò fi lu ihò wẹ́wẹ́ bíi fóòmù. Kò ní ìwòsàn, ṣùgbọ́n kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn, ikọ́, abọ́ tàbí ibùsùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé kí bàbá wọn. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n yín? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún wọn rí? Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe nínú ẹbí?

Alápatà: Kí ẹnikẹ́ni má ba ọjà mi jẹ́. Ẹran tí ó hó fún wákàtí mẹ́ta, àrùn wo ni yóò kù nínú rẹ̀?

Tíṣà Àgbà: Síse kò pa prion. Ní 1986 ni wọ́n dá àrùn wèrè màlúù mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹran àti eegun màlúù fún màlúù jẹ. Nígbà tí ó di 1996, wọ́n kéde pé ó ti dé ara ènìyàn. Àwọn 178 ni ó sì mú níbẹ̀. Ní Papua New Guinea, àwọn ará Fore kó kuru, tí òun náà jẹ́ àrùn prion, nítorí pé wọ́n ń jẹ òkú ẹbí wọn níbi ìsìnkú.

Alápatà: Koríko ni màlúù tí mo ń pa ń jẹ. Ta ni ó lọ eegun fún un?

Tíṣà Àgbà: Òótọ́ ni ìyẹn. Lórí síse nìkan ni mo ti ta kò yín.

Ìyá Ìbejì: Nígbà tí ọkọ mi rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ lé mi jáde ní yàrá, wọ́n ní èmi ni mo sè é fún un jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ jó ibùsùn, orí kí ni ó ń sùn báyìí?

Ọmọ Ìsánlú: Orí ẹní ni, kì í ṣe pé mo fìyà jẹ ẹ́. Ẹni ọdún 54 ni, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí. Owó ni kò jẹ́ kí a padà sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè kẹta.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹni ọdún 56 ni ìyá wa nígbà tí wọ́n kú. Àwọn náà ń ta gìrì, wọn kò mọ̀ wá mọ́, kò sì ju oṣù márùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò wọn obìnrin ṣe lọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí àna. N kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì Kàbà: Ó kàn án gan-an. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn yìí máa ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí tí a mọ̀, ṣùgbọ́n àjogúnbá ni díẹ̀ nínú rẹ̀, ìdajì sí ìdajì sì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹni tí ó ní i bá bí. Ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un. Ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, kí ẹ sì wí i kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ojú, nítorí ooru tí wọ́n fi ń fọ irin iṣẹ́ kì í sábà tó láti pa prion.

Ọmọ Ìsánlú: Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, èmi bí méjì. Ìyàwó wa kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìyá wa rí. Ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ kiri pé oúnjẹ rẹ̀ ni.